Ọmọ Tí Ó Fẹ́ Kọ́ Iṣẹ́ Awọnlẹ̀

Ìwé tí ẹ ń kọ sí wa nípa iṣẹ́ tí ó yẹ kí ọmọ kọ́ kò níye. Ọ̀kan wà nínú wọn tí a kò lè fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ mìíràn, nítorí ọjọ́ tí ọmọ náà yóò fèsì fún yunifásítì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọmọbìnrin ni. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó béèrè fún. Àyè kò sí níbẹ̀, wọ́n sì fún un ní àyè láti kọ́ iṣẹ́ awọnlẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sọ̀féyọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ilé kò ti rójú. Bàbá ní kí ó jókòó sílé di ọdún tí ń bọ̀. Ìyá, ẹni tí ó kọ ìwé sí wa, ní kí ó máa lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá sì ti búra pé ọmọ àwọn kì yóò gbé ẹ̀wọ̀n kiri inú igbó kí àwọn ọmọ onílẹ̀ máa fi àdá lé e.

Èrò tiwa ni pé kí ó lọ. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe lọ bí ẹni tí a fi ìṣẹ́kù inú ìkòkò bọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti wọ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú ojú kíkorò, tí wọ́n ń retí àtisá lọ sí ẹ̀kọ́ mìíràn ní ọdún kejì, tí wọn kò sì kọ́ ohun kan dé ìdí. Bí àwọn òbí bá mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an, ibi tí ó ti dùn àti ibi tí ó ti korò, a rò pé ìjà inú ilé yóò dín kù.

Ní ayé àwọn bàbá wa, pèrègún ni ó ń ṣe iṣẹ́ awọnlẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fún àna tàbí àlejò ní ilẹ̀ oko, wọn yóò pe àwọn àgbà, wọn yóò rìn yí ilẹ̀ náà ká, wọn yóò gbin pèrègún sí igun rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi odò, tàbí igi ìrókò, tàbí ọ̀gán ṣe àmì. Wọn a sì mú ọmọdé kan tàbí méjì dání, kí ẹnìkan lè rántí nígbà tí àwọn àgbà bá kú tán. Ọ̀nà yìí kò burú níbi tí ilẹ̀ bá pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n odò a máa yí ọ̀nà padà, iná a máa jó ìrókò, ọmọdé tí a mú dání a sì máa bá òwò lọ sí Gánà kí ó má padà mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ sì wá di ohun tí à ń tà, pàápàá ní Èkó lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1861, ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà nìkan kò tó ní kóòtù mọ́. Adájọ́ ń béèrè ìwé. Ìwé náà sì ní láti sọ iye ẹsẹ̀ bàtà tí ó wà láti ibí dé ọ̀hún, àti apá ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan kọjú sí.

Ẹni tí a mọ̀ jù nínú àwọn awọnlẹ̀ wa àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí awọnlẹ̀. Herbert Macaulay ni à ń wí, ọmọ tí Abigail, ọmọbìnrin Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, bí ní Èkó ní 1864. Olóṣèlú ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, àwòrán rẹ̀ sì ti wà lára owó náírà kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ wíwọ̀n. Ó wọ iṣẹ́ ìjọba bí akọ̀wé ní 1881. Ní 1890 ìjọba rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Nígbà tí ó padà dé ní 1893, wọ́n fi í ṣe awọnlẹ̀ fún ilẹ̀ Ọba ní Èkó. Ní 1898 ó kọ ìwé pé òun fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ, ó sì dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ kíyèsí ohun tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tí í ṣe Olúwa ti Èkó, bá ìjọba ṣẹjọ́ nítorí ilẹ̀ Àpápá, Macaulay ni ó bá a lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1920. Ní 1921 Ìgbìmọ̀ Ọba tí à ń pè ní Privy Council dá ẹjọ́ náà ní ọ̀nà tí ó gbe Olóyè Olúwa: wọ́n gbà pé ilẹ̀ náà ní olówó, pé àwùjọ àti mọ̀lẹ́bí ni ó ni ín, ìjọba tí ó bá sì fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ san iye tí ó tó.

A kò sọ pé gbogbo ọmọ tí ó bá kọ́ iṣẹ́ yìí ni yóò di Macaulay. Púpọ̀ nínú àwọn awọnlẹ̀ tí a mọ̀ kò fẹ́ràn ariwo rárá. Ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n, oòrùn ti sun ọrùn wọn dúdú. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí ó mọ bí ilẹ̀ ti rí gan-an, tí ó sì lè fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀, ní ohun kan lọ́wọ́ tí agbẹjọ́rò alára gbọ́dọ̀ wá tọrọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá pàdé awọnlẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí ó di ojú kan, tí ó sì fi èkejì wo inú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, lè rò pé fọ́tò ni ó ń yà. Ohun méjì ni ó ń wọ̀n: bí ibì kan ti jìnnà sí ibòmíràn tó, àti igun tí ó wà láàrin ìlà kan àti èkejì. Láti inú méjèèjì ni ó ti ń fi ìṣirò mọ ojú ibi tí òpó ààlà kọ̀ọ̀kan wà.

Ní àtijọ́, ẹ̀wọ̀n irin ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà jíjìn, òun sì ni ẹ̀gbọ́n bàbá ṣì ń rántí. Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Edmund Gunter ni ó gbé e kalẹ̀ ní 1620. Ẹsẹ̀ bàtà 66 ni gígùn rẹ̀, ó ní ojú 100, 80 irú rẹ̀ ni ó ń jẹ́ máìlì kan. Bí ilẹ̀ bá sì gba ẹ̀wọ̀n kan ní ìbú àti mẹ́wàá ní gígùn, éékà kan gééré ni. Lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n ni téèpù irin dé. Irin a sì máa gùn nínú oòrùn: bí ooru bá fi dígírì Sẹ́ńsíọ́ọ̀sì mẹ́wàá pọ̀ sí i, téèpù mítà 30 yóò gùn sí i ní nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta àti ààbọ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín pé kí ni mìlímítà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi irú téèpù bẹ́ẹ̀ wọn ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn, tí ó jẹ́ kìlómítà 157, tí kò sì ro ti ooru mọ́ ọn, àṣìṣe kékeré náà yóò ti di mítà 18 kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ.

Igun sì le ju ọ̀nà jíjìn lọ. Pulọ́ọ̀tì tí a mọ̀ jù ní Èkó àti agbègbè rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn. Éékà kan a máa gba mẹ́fà, díẹ̀ a sì ṣẹ́kù. Bí awọnlẹ̀ bá fi dígírì kan péré ṣi igun iwájú wọ̀n, nígbà tí ìlà náà bá fi máa dé ẹ̀yìn, ó ti yẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹsẹ̀ bàtà méjì tó láti gbé ìpìlẹ̀ ilé ẹnìkan sí inú ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀. Ìdílé ti bá ìdílé jà títí kan àwọn ọmọ ọmọ nítorí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ni ó fi jẹ́ àṣà iṣẹ́ náà pé kí awọnlẹ̀ yí ilẹ̀ ká, kí ó sì padà sí ojú ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ní igun mẹ́rin, àròpọ̀ àwọn igun inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ dígírì 360. Bí ó bá ní márùn-ún, 540. Bí ìṣirò bá sì gbé e padà sí ibòmíràn tí kì í ṣe ojú òpó tí ó ti kúrò, àṣìṣe ti wọ̀ ọ́ níbì kan. Bí àṣìṣe náà bá sì ju ìwọ̀n tí a gbà láàyè lọ, àfi kí ó padà sí oko. Apá iṣẹ́ yìí wù wá púpọ̀. Iṣẹ́ mélòó ni ó wà tí ìwé fúnra rẹ̀ ń sọ fún òṣìṣẹ́ ní alẹ́ pé ohun tí ó ṣe ní ọ̀sán kò pé? Àwa tí ń kọ ìwé ìròyìn kò ní irú olùṣọ́ bẹ́ẹ̀.

Kò sì tó kí ilẹ̀ pé nínú ara rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó wà láàrin àwọn ilẹ̀ yòókù. Ìjọba ní àwọn òpó tí ó ti rì káàkiri, tí a mọ ojú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà dájú. Láti ara wọn ni awọnlẹ̀ ti ń mú iṣẹ́ rẹ̀ wá, tí pulọ́ọ̀tì kékeré kan ní Ìkòròdú tàbí ní Ọ̀tà fi ń ní ipò tirẹ̀ nínú àwòrán ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀. Nígbà náà ni a lè gbé e lé orí àwòrán ńlá tí ó wà ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà àwọn awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀, kí a sì rí i bí ó bá bọ́ sí inú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé fún ọ̀nà, tàbí ilé-ìwé, tàbí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀dà kan ìwé náà ni awọnlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi sí ọ́fíìsì yìí. Èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ̀dà pupa. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà, kò sí ẹni tí yóò gba C of O láìní ìwé àwòrán tí awọnlẹ̀ fọwọ́ sí.

Ibí gan-an ni iṣẹ́ náà ti korò, a kò sì fẹ́ fi pamọ́ fún àwọn òbí. Àdá ọmọ onílẹ̀ kọ́ ni ewu tí ó tóbi jù. Ewu tí ó tóbi jù a máa wọ aṣọ tí ó mọ́, a sì máa jókòó jẹ́ẹ́ níwájú tábìlì. Ẹni tí ó ń ta ilẹ̀ yóò wá, yóò fi ìrẹ̀lẹ̀ wí pé, "Ọ̀gá mi, ẹ ṣàánú wa, ẹ bá wa sún un díẹ̀, kí ó lè bọ́ sí ìta ilẹ̀ ìjọba." Kò ní kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òpó tí ó wà nínú oko. Nọ́ńbà inú ìwé nìkan ni yóò yí. Ìwé náà yóò dára lójú, òǹtẹ̀ yóò wà lára rẹ̀, opó kan tí ó ti fi ogún ọdún kó owó èsúsú jọ yóò sì fi owó náà ra ilẹ̀, yóò kọ́ ilé sí i, yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ katakata yóò dé láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ ti lọ. Ọmọ onílẹ̀ kò mọ ohunkóhun. Orúkọ kan ṣoṣo tí ó kù lórí ìwé ni orúkọ awọnlẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ń wí fún àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣe béèrè bóyá ọmọ wọn mọ ìṣirò nìkan. Ìṣirò ṣe é kọ́. Ǹjẹ́ ọmọ náà lè sọ pé "rárá" fún àgbàlagbà tí ó ń bẹ̀ ẹ́, tí owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní oṣù tí owó ilé kò tíì pé? Ọmọ tí kò bá lè ṣe é, iṣẹ́ yìí yóò ba ayé ẹlòmíràn jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí òfin 1989 dá sílẹ̀ láti máa fi orúkọ àwọn awọnlẹ̀ sí ìwé ní agbára láti pa orúkọ ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a pa rẹ́ kò kọ́ ilé opó padà.

Ẹ ó béèrè pé, ǹjẹ́ oúnjẹ wà nínú rẹ̀? Ó wà, ṣùgbọ́n kì í tètè dé. Ọdún àkọ́kọ́ sí ìkẹta lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ a máa tínrín, nítorí abẹ́ awọnlẹ̀ àgbà ni ọmọ náà yóò wà, yóò sì tún ní ìdánwò Ìgbìmọ̀ láti ṣe kí ó tó lè fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìwé. Iṣẹ́ a máa dẹ̀ ní àkókò òjò. Oníbàárà a máa san ìdajì, a sì gbàgbé ìdajì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò mọ sí pulọ́ọ̀tì nìkan. Kò sí títì, kò sí afárá, kò sí ìsédò, kò sí òpó iná mànàmáná tí à ń gbé kalẹ̀ kí awọnlẹ̀ má kọ́kọ́ kọjá níbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn kì í wọn ilẹ̀ rárá. Ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n ń wọ̀n, kí ọkọ̀ ńlá má baà fi ìdí gbálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Àpápá tàbí ní èbúté Lẹ́kí tí wọ́n ṣí ní 2023. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo ń lò wọ́n. Ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ń lò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wa kò tíì ní ìwé kankan títí di òní. Iṣẹ́ kò tán.

Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀rọ yóò gba iṣẹ́ náà. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ GPS ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tí ó wà lókè, ó sì ń sọ ibi tí ènìyàn dúró sí. Dúróònù, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, lè ya àwòrán oko ńlá láàrin òwúrọ̀ kan, iṣẹ́ tí ó ń gba ẹni mẹ́fà ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé ẹ̀wọ̀n kiri ni ẹ̀rọ yìí lé lọ. Nítorí náà, bí ọmọ bá rò pé kí òun sáà mọ bí a ti ń tẹ ẹ̀rọ, kí òun sì máa fi ṣiṣẹ́ láìgba ìwé àṣẹ, ẹ sọ fún un pé ọjà náà ti kún. Ẹ̀rọ kò lè dúró níwájú adájọ́ láti sọ ìdí tí òpó kan fi wà níbi tí ó wà. Kò sì mọ èwo nínú ìdílé méjì ni ó ń purọ́ nípa odò tí ó ti gbẹ.

Ní ti pé obìnrin ni ọmọ náà, àwa kò rí ìdènà níbẹ̀. Àwọn obìnrin wà nínú ẹgbẹ́ àwọn awọnlẹ̀ Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tí ó ti wà láti 1934, tí wọ́n ní ọ́fíìsì tiwọn, tí wọ́n sì ń fọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀gbọ́n bàbá kò purọ́ nípa àdá. Àwọn ajàgùngbalẹ̀ ń bẹ, òfin tí Èkó ṣe lòdì sí wọn ní 2016 kò sì tíì lé gbogbo wọn kúrò. Ṣùgbọ́n awọnlẹ̀ tí ó gbọ́n, ọkùnrin tàbí obìnrin, kì í dá nìkan wọ oko. A máa kọ́kọ́ kí olórí ìdílé, a máa ránṣẹ́ sí àwọn tí ilẹ̀ wọn pààlà, a máa mú ẹni tí ó mọ àdúgbò dání. Bí ìjà bá sì wà lórí ilẹ̀ náà, a máa kó ẹ̀rọ rẹ̀ sínú ọkọ̀, a sì wálé. Owó ọjọ́ kan kò tó ẹ̀mí.

Ọ̀nà ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Físíìsì ni kí ọmọ náà mú ní pàtàkì ní ilé-ìwé gíga. Yunifásítì Èkó ń kọ́ni fún ọdún márùn-ún. Fún ẹni tí agbára òbí rẹ̀ kò ká èyí, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ìwé lọ, ilé-ẹ̀kọ́ awọnlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀yọ́, èyí tí ìdásílẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1908. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wọn ilẹ̀ wa láti ìgbà náà ni ó ti ibẹ̀ jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú kékeré wò ó. Ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú, láti 1972, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà para pọ̀ gbé ró, níbi tí àwọn tí ó ti mọ iṣẹ́ ti ń lọ kọ́ bí a ti ń fi àwòrán tí sátẹ́láìtì yà ṣe àwòrán ilẹ̀.

Kí ọjọ́ ìdáhùn tó pé, ohun kan ni a ń bẹ ìyá náà kí ó ṣe. Kí ó wá awọnlẹ̀ kan ní ìlú wọn tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Ìgbìmọ̀, kí ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ọmọ náà bá wọn lọ sí oko fún ọ̀sẹ̀ kan, láìgba owó. Bí bàbá bá fẹ́, kí òun náà tẹ̀lé wọn ní ọjọ́ kìíní. Kí ọmọ náà wọ bàtà tí ó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀, nítorí ejò. Kí ó mú fìlà dání, àti omi, àti ìwé kékeré kan pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì. Kí ó má sì mú rọ́bà ìpàwérẹ́ lọ, nítorí awọnlẹ̀ kì í pa nọ́ńbà tí ó ti kọ sílẹ̀ nínú oko rẹ́. Bí ó bá ṣì í kọ, a máa fa ìlà kan ṣoṣo gba orí rẹ̀ kọjá, kí ẹni tí ó bá ń bọ̀ lẹ́yìn ṣì lè kà á, a sì kọ èyí tí ó tọ́ sí òkè rẹ̀.